Èèrà wo ló yẹ kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ sìn l'Óṣogbo? Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tán, tí ooru ṣì ń mú, gbogbo gílóòbù ìta láti Òkè-Fìà dé Òkè-Báálẹ̀ ló máa ń kún fún kòkòrò abìyẹ́, ìgbà yẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èèrà tó dáa kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ iléèwé tó ti wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń sin èèrà nínú gíláàsì. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ò bá tiwa mu. Lasius niger ni gbogbo wọn ń pariwo, èèrà dúdú inú ọgbà àwọn ará Yúróòpù, èyí tó gbọ́dọ̀ sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà òtútù, débi pé àwọn tó ń sìn ín nínú ilé máa ń gbé e sínú fíríìjì kó lè rí oorun sùn. Níbo lẹ fẹ́ ti rí iná tó máa gbé fíríìjì fún oṣù mẹ́ta láìkú? Lóòótọ́ èèrà yẹn dáa o, wọ́n ti sin ìyá ẹ̀ kan, èyí tó ń yé ẹyin fún gbogbo agbo, tó lò tó ọdún 28, àmọ́ èèrà ibòmíì ni. Èrò tèmi ni pé èyí tó ń jábọ́ sẹ́nu ọ̀nà yín ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sìn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá jábọ́ náà ló ṣeé sìn ṣá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìyá ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ tó fò yẹn, ó ti pàdé akọ lókè, ó ti gba gbogbo àtọ̀ tó máa lò títí dọjọ́ ikú, kò tún wá ọkọ mọ́. Tó bá balẹ̀ á já ìyẹ́ ẹ̀ dànù, á wá ibi wọ̀. Àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti wọlé báyìí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí nìyẹn, wọn ò jẹ wọn ò mu, ọ̀rá ara wọn àti iṣan tí wọ́n fi ń fò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ fi bọ́ ọmọ. Àwọn míì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa jáde lọ ṣọdẹ lákòókò tí wọ́n ń tọ́ àkọ́bí. Èyí tí kì í jẹun yẹn lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fẹ́, torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe fún un ò ju pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wo bó ṣe tóbi tó, torí èèrà kóńkó á gba ibi tí abẹ́rẹ́ ò gbà jáde. Mo máa ń wò ó bóyá ó ń ta ni àbí ó kàn ń bu èèyàn jẹ, àwọn méjèèjì yàtọ̀. Mo tún máa ń wo bó ṣe ń yára bí sí, torí ẹni tí ò ní sùúrù lè sọ èèrà tó ń falẹ̀ nù kó tó rí ọmọ kan ṣoṣo. Ní ti owó, ká má purọ́, èèrà tẹ́ ẹ bá mú fúnra yín ò ná yín ní nǹkan kan, ohun èlò nìkan lẹ máa rà: túùbù gíláàsì tí wọ́n fi ń kọ́ kẹ́mísírì níléèwé, òwú, ike onídèérí kan, ó tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ mú

Èsúnsún ló máa ń pọ̀ jù nídìí iná, ọmọ ikán sì ni, kì í ṣe èèrà rárá. Ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èsúnsún gùn dọ́gba, ara ẹ̀ lọ tààrà láti àyà dé ìdí, kò níbàdí. Ìyá èèrà ní tiẹ̀, ìyẹ́ iwájú gùn ju tẹ̀yìn lọ, ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín, ìwo orí ẹ̀ sì ní oríkèé kan láàárín tó fi ká. Tẹ́ ẹ bá ti wo mẹ́ta yìí ẹ ò lè ṣì í mọ́, ẹ wá fi èsúnsún sílẹ̀ fún àwọn tó ti gbé abọ́ omi síbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yan án jẹ.

Èkejì tó máa ń dá àwọn èèyàn lórí rú ni kòkòrò pupa rúsúrúsú kan, ó sanra, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ikùn ẹ̀ gbọọrọ, á máa forí sọ gílóòbù títí á fi já sínú ọbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa ń rò pé òun ti rí ìyá èèrà tó ju gbogbo ìyá lọ. Akọ ìjàlọ ni o! Kò lè bímọ fún yín, ọjọ́ díẹ̀ ló kù tó máa lò láyé. Akọ àwọn èèrà yòókù náà máa ń wá sídìí iná, orí wọn kéré, ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àyà tó ga tó sì nípọn ni kẹ́ ẹ máa wá, tí ìyẹ́ bá ti já kúrò lára ẹ̀ tó ń rìn nílẹ̀ kiri ògiri, ìyẹn gan-an ló dáa jù.

Ẹ má sì gbé túùbù lọ sí Igbó Òṣun o. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé, wọn ò sì gbà kéèyàn pa ẹran tàbí kó pẹja níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé yín ti tó.

Camponotus maculatus, èyí tí mo máa kọ́kọ́ dárúkọ

Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn lè má mọ orúkọ ìwé ẹ̀ ni. Òun ni èèrà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ tó máa ń jáde lálẹ́ lára ògiri kíṣìnì, orí ẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ikùn ẹ̀ ní àmì tótòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá tanná sí i lójijì á sá bí ẹni tó rí olówó gbèsè. Ìyá ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, ẹ ò nílò awò kankan láti rí i. Kì í jẹun títí àkọ́bí á fi jáde. Kò lóró nídìí, ẹnu ló fi ń bu èèyàn jẹ, á sì tu omi kíkan díẹ̀ sójú ibẹ̀, ó ń ta èèyàn lára díẹ̀ ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé pàápàá á fara dà á. Òṣìṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún agbo, tóbi, òwú tẹ́ ẹ fi dí ẹnu túùbù á dá a dúró.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ bu omi píọ́ wọ́tà sínú túùbù kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ ti òwú wọlé títí á fi kan omi tí á rin, kí omi má lè ṣàn kọjá. Ẹ wá fi ìyá síwájú òwú yẹn, ẹ fi òwú gbígbẹ dí ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Ẹ má gbé e sórí sípíkà, ẹ má gbé e sítòsí jẹnẹrétọ̀, torí èèrà ò fẹ́ kí nǹkan máa gbọ̀n òun. Ooru Òṣogbo fúnra ẹ̀ ti tó, ẹ ò nílò ohun tó ń mú yàrá gbóná bíi tàwọn tó wà lókè òkun, ìyẹn owó kan tí àwa ò ní ná.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ máa rí ẹyin, funfun kóńkó, ó máa ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí ìbòrí: ìyá á fẹnu gbé gbogbo ìdì ẹyin yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, á máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Ẹyin á di ìdin, ìyá á máa pọ oúnjẹ sí i lẹ́nu, ìdin á dàgbà á hun àpò yí ara ẹ̀ ká, àpò yẹn á wà bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò máa rò pé ó ti kú. Lọ́jọ́ tó bá máa jáde, ìyá fúnra ẹ̀ ló máa fẹnu ya àpò tí á fa ọmọ jáde, ọmọ ọ̀hún á funfun ráúráú, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí àwọ̀ ẹ̀ tó dúdú. Àwọn àkọ́bí yìí kéré gan-an sí àwọn tẹ́ ẹ ń rí lára ògiri, kò sóhun tó ṣe wọ́n, ìyá ò ní oúnjẹ tó pọ̀ tó máa fi tọ́ wọn ni. Láti ẹyin dé òṣìṣẹ́, ẹ fọkàn sí oṣù kan àbọ̀, ó lé díẹ̀, ó dín díẹ̀.

Àléébù ẹ̀ ni pé ó ń falẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ lè parí kí agbo má tíì kún túùbù, òru ló sì máa ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ máa fi han àlejò lọ́sàn-án á kàn rí èèrà tó ń sinmi. Ẹni tó bá sì ń ṣí i wò ní gbogbo wákàtí, ìyá lè jẹ ẹyin ara ẹ̀ torí ẹ̀rù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Tí òṣìṣẹ́ bá ti jáde lẹ wá bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ: ẹ̀kán oyin kan tàbí omi ṣúgà, pẹ̀lú ẹran díẹ̀, ikán kan tàbí ẹsẹ̀ aáyán kan ti tó fún wọn. Aáyán tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín pa ni o, kì í ṣe èyí tó kú nítorí apakòkòrò, torí ìyẹn á pa gbogbo ilé. Kẹ́ ẹ sì yọ àjẹkù kúrò kó tó hu funfun.

Pheidole, èèrà olórí ńlá

Ìdàkejì gbáà nìyí. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mìlímítà méjì lọ, àmọ́ ó ní sójà tí orí ẹ̀ tóbi ju ara ẹ̀ lọ, àwọn sójà yìí ló ń fọ́ ohun líle. Ìyá ẹ̀ náà kì í jẹun nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ẹ̀ sì ń yára jáde, oṣù kan lè má pé kẹ́ ẹ tó rí òṣìṣẹ́, kó tó pẹ́ wọ́n ti di ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún. Ẹ ju ikán kan sáàárín wọn lọ́sàn-án gangan ẹ wo bí wọ́n ṣe máa bò ó, wọ́n á fà á síbí wọ́n á fà á sọ́hùn-ún, sójà á yọ lẹ́yìn wọn, á gé e sí wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, Pheidole dùn ún wò ju Camponotus lọ.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sé nǹkan mọ́. Fasilíìnì tàbí òróró létí ike, tàbí pawúdà ọmọdé tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì tí wọ́n fi kun ògiri ike lókè tó sì gbẹ, pawúdà á máa yọ̀ wọ́n nù. Fasilíìnì máa ń kó eruku nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ti bò ó, wọ́n ti rí afárá nìyẹn, ẹ nù ún kẹ́ ẹ fi òmíràn. Wọ́n sì ń jẹun! Oúnjẹ tí Camponotus á jẹ fún oṣù kan, agbo Pheidole tó ti dàgbà lè jẹ ẹ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ọ̀kan nínú wọn, Pheidole megacephala, ọmọ Áfíríkà ni, ó sì wà nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀dá tí wọ́n kà sí aláṣejù jù lọ láyé tó bá dé ibi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ní Laikipia lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ó pa àwọn èèrà tó ń ṣọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún run, erin wá rí igi wó, pápá ṣí sílẹ̀ gbayawu, kìnnìún ò rí ibi lúgọ de kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà mọ́, ni wọ́n bá yíjú sí ẹfọ̀n. Oṣù kìíní 2024 ni ìwé ìwádìí yẹn jáde. Èèrà tí ò ju mìlímítà méjì lọ! Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé kéèyàn má gbé èèrà láti ìlú kan lọ ìlú míì, ìbáà jẹ́ èyí tó kéré jù.

Èèrà pupa orí máńgòrò

Oecophylla longinoda ni, èyí tó ń rán ewé pọ̀ lórí máńgòrò, ọsàn, kajú àti kòkó. Ẹni tó ti gun igi máńgòrò rí mọ̀ ọ́n, kò nílò àlàyé. Kì í ta, àmọ́ á bu ẹran ara gbá mú, á wá tu omi kíkan sójú ọgbẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló mú kí gbogbo èèyàn fẹ́ sìn ín: àwọn òṣìṣẹ́ á so kọ́ra fa ewé méjì pọ̀, àwọn míì á gbé ìdin sẹ́nu, á máa fi ìdin yẹn gun ewé lọ gun ewé bọ̀, òwú tó ń jáde lẹ́nu ìdin ló ń rán an. Àwọn ará Ṣáínà ti ń lo ìbátan ẹ̀ kan láti máa ṣọ́ igi ọsàn láti nǹkan bí ọdún 304 lẹ́yìn ìbí Kristi.

Àmọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, rárá. Ó fẹ́ igi tútù pẹ̀lú ewé, agbo kan ṣoṣo lè gba igi tó lé ní mẹ́wàá, ó ń sáré, ó ń gun gbogbo nǹkan, ó sì ń bínú. Tẹ́ ẹ bá ní máńgòrò lágbàlá, ẹ gbé àga sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò wọ́n, ọ̀fẹ́ ni, igi ti bá yín sìn wọ́n.

Ìkamùdù

Méjì ni mo mọ̀ tí àwọn èèyàn ń kó pọ̀ pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni Paltothyreus tarsatus, dúdú, ńlá, ó ń dá rìn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án òórùn ẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ yín bọ̀rọ̀. Ó ń ta, títa ẹ̀ sì dun ni. Irú ìdílé tó ti wá, ìyá wọn sábà máa ń jáde wá oúnjẹ lákòókò tó ń tọ́ àkọ́bí, ẹ gbọ́dọ̀ máa fún un ní kòkòrò lemọ́lemọ́ kẹ́ ẹ má sì dà á láàmú, nǹkan méjì tó ń bá ara wọn jà nìyẹn. Agbo ẹ̀ kì í sì pọ̀ bíi ti Pheidole.

Èkejì ni Megaponera analis, àwọn tó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ síbi ikán, tó máa ń dún ṣììì tẹ́ ẹ bá dà wọ́n rú. Ikán nìkan ni wọ́n ń jẹ. Tí ikán bá ṣe ọ̀kan nínú wọn léṣe lójú ogun, wọ́n máa ń gbé e padà sílé kí ara ẹ̀ lè yá, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní igbó Comoé ní Côte d'Ivoire ló kọ ọ́ síta ní 2017. Ìyá wọn kì í níyẹ̀ẹ́, ẹ ò lè rí i nídìí iná láéláé, kò sì lè dá agbo sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ kí wọn lójú ọ̀nà, ẹ máa lọ.

Àwọn tí mi ò ní fàkókò ṣòfò lé lórí

Ìjàlọ: mílíọ̀nù ni wọ́n, wọn ò ní ilé kan pàtó, ìyá wọn náà ò níyẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ kó ìjàlọ wọ yàrá ẹ̀ jàre? Àwọn èèrà kóńkó inú ṣúgà ńkọ́? Ìyá wọn máa ń pọ̀ nínú agbo kan, wọ́n kàn ń pín ara wọn ni, ike tó lè dá wọn dúró ṣọ̀wọ́n, ẹ sì ti ń sìn wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín.

Èyí tí wọ́n ń tà lókè òkun

Owó ẹ̀ ga, ọ̀nà jìn, ó sì lè ti kú kó tó dé. Òfin tún wà níbẹ̀: kéèyàn tó gbé ẹ̀dá alààyè wọ Nàìjíríà ó gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, àjọ NAQS, tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò ní ibodè, ló ń mójú tó o. Gbígbé e jáde náà kì í ṣeré. Ní 2025 wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ méjì ará Bẹ́ljíọ̀mù ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìyá èèrà nínú túùbù, Messor cephalotes ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí táwọn tó ń sin èèrà ní Yúróòpù ń fi owó ńlá rà. Mílíọ̀nù kan owó ṣílè Kẹ́ńyà ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san, àbí kó fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbé hósítẹ̀lì tàbí yàrá kan, tó ń lọ kíláàsì láti àárọ̀ dalẹ́, Camponotus. Ó lè rìnrìn àjò lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ìyá ṣì ń tọ́ àkọ́bí, kò sóhun tó máa ṣe é. Ìyá tàbí bàbá tó fẹ́ fi han àwọn ọmọ kéékèèké náà, Camponotus ni, torí ohun gbogbo ló tóbi tí ọmọdé á fi rí i, àmọ́ ẹ ti sọ fún wọn pé ó máa pẹ́. Tíṣà bàọ́lọ́jì tó fẹ́ kí kíláàsì rí iṣẹ́ àjọṣe láàárín táàmù kan, Pheidole ló máa bá a mu, tó bá lè rí ike tó sé dáadáa tó sì máa nu etí ẹ̀ déédéé. Ilé tí ọmọ jòjòló wà, mi ò ní sọ pé kí wọ́n mú Pheidole wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti sin Camponotus fún ọdún kan tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ́lẹ̀ ló lè máa ro ti Paltothyreus, kó sì mọ̀ pé títa ń bẹ níbẹ̀.

Èyíówù kẹ́ ẹ mú, ẹ má mú ìyá kan ṣoṣo, torí ẹlòmíì ò tíì pàdé akọ kó tó balẹ̀. Ẹ mú bíi mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú túùbù tiẹ̀, torí ọ̀pọ̀ Camponotus ni ìyá méjì ò jọ ń gbé pọ̀ pẹ́. Èyí tí ò bá yé ẹyin lẹ́yìn oṣù kan, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.